Ìka Mẹ́rin

Àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní orúkọ kan tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Ta-ló-sọ-ọ́ ni. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ni ní ìtàn, kò sì sí ọmọ tó jókòó níwájú mi rí tí mi ò kọ́ ní ìbéèrè méjì yìí kí n tó kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn: ta ló sọ ọ́, báwo ló sì ṣe mọ̀? Bí ọmọ bá ní ọba báyìí ja ogun báyìí, màá ní ta ló sọ ọ́. Bó bá ní inú ìwé ni, màá ní ta ló kọ ìwé náà, ṣé ó wà níbẹ̀ ni àbí wọ́n rò ó fún un. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú, nítorí ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé gáàsì ti tán, mo sì bi í pé ta ló sọ ọ́.

Lọ́dọọdún, bí a bá ti dé orí òwò ẹrú àti bí wọ́n ṣe fòpin sí i, mo máa ń gbé fọ́tò kan wá sí kíláàsì. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. Ó jókòó gbagidi sórí àga, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí ọ̀pá, ọwọ́ òsì wà lórí orúnkún, ó ń wò wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè ìkíni. Ìṣó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìkọ̀wé tí mo kàn mọ́ ògiri nítorí rẹ̀ nìkan.

Màá kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ti ọkọ̀ ojú omi àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Màá kọ́ wọn ní ti àwọn tó gba inú igbó sá lọ, tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ mọ̀nà, àti ti àwọn tó fẹnu jà tí wọ́n fi kálámù jà títí òfin fi yí padà. Ìgbà yẹn ni màá wá na ọwọ́ sí fọ́tò. Màá ní, "Ọkùnrin yìí ní ẹrú mẹ́rìnlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí òfin tó kàn án nípá, ó ṣí géètì ilé rẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn máa lọ." Màá yíjú sí wọn. "Bàbá ńlá mi ni."

Àtẹ́wọ́ á sì sọ. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn àtẹ́wọ́ yẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni mo ti máa ń retí rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, ọmọbìnrin kan nawọ́. Jẹ́jẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọmọ jòjòló kan ń sùn nínú yàrá. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé. Kò sí ẹni tó mọ ìtàn bíi tirẹ̀ nínú kíláàsì náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló sọ ọ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún ọmọ tó fi pàṣán ẹni na ẹni?

"Bàbá mi ló sọ fún mi," ni mo dá a lóhùn. "Bàbá tiwọn ló sì sọ fún wọn."

"Ṣé bàbá tiwọn wà níbẹ̀, sà?"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n nígbà náà."

Ó mi orí. Ó wo fọ́tò náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. "Sà, kí ló ṣe ọwọ́ òsì wọn?"

Nínú gbogbo ọmọ tí mo ti kọ́ láti ọdún méjìlélógún, kò sí èyí tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá wò ó dáadáa ló máa rí i pé ọwọ́ tó wà lórí orúnkún yẹn kò ní àtàǹpàkò.

"Àdá ló gé e lóko," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ pé mo fẹ́ sọ nǹkan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé àdá ni.

Mo ní kó jókòó, mo sì fún wọn níṣẹ́ ṣe nílé: kí kálukú lọ bá àgbà ilé rẹ̀, kó béèrè ìtàn ẹrú tàbí ìtàn òmìnira, kó kọ ọ́ wá. Ogún máàkì ni. Iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe kékeré lọ́dún yẹn, nítorí ilé ìwé ńlá kan ti ní àwọn máa gba ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa láti wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ tó bá gbégbá orókè nínú ìtàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ni. Bó bá gba ogún nínú ogún tàbí mẹ́wàá, òun ni. Àfi tó bá kùnà iṣẹ́ náà pátápátá ló tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ wa tí mò ń máàkì. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé bàbá ńlá òun di ẹyẹ, ó sì fò jáde nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo rẹ́rìn-ín, mo fún un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo kọ "Ó dára" sí i. Ti Jẹ́jẹ́ ló kàn. Ojú ìwé méjì péré ni.

Ó kọ ọ́ pé: "Ìyá kan wà tí wọ́n tà sí ilé ọkùnrin kan nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Ilé náà ní géètì onírin níwájú, kò ní ọ̀nà lẹ́yìn. Ọkùnrin náà kò ní àtàǹpàkò lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ òsì náà ló fi ń gbá àwọn ẹrú rẹ̀ létí, ó ní ọwọ́ ọ̀tún òun wà fún oúnjẹ. Bó bá gbá èèyàn létí, ìka mẹ́rin ló máa ń hàn lójú rẹ̀."

Mo dìde. Mo lọ ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló wà nílé.

"Ìyá náà bí ọmọbìnrin méjì nínú ilé yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó pọn àbúrò, ó gun orí òrùlé ilé ìdáná. Ó ń fa ẹ̀gbọ́n sókè lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan rí i tó pariwo. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n. Ìyá fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀, ó bẹ́ sí òdìkejì, ó sá. Kò padà rí ọmọ náà mọ́ títí ó fi kú."

Nísàlẹ̀, ó fa ìlà, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́: "Ta ló sọ ọ́: ìyá àgbà mi. Ta ló sọ fún wọn: ìyá ìyá wọn, òun ni ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Ta ló sọ fún òun: ìyá tó sá."

Mo lọ sí pálọ̀, mo wo fọ́tò náà lára ògiri. Mo ka ìka. Kí ni mò ń kà, bí ẹni pé ìka á hù níbẹ̀? Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo bi bàbá mi pé kí ló ṣe ọwọ́ bàbá ńlá. Wọ́n gbá mi létí. Nígbà tó yá, wọ́n ra bisikíìtì fún mi, bẹ́ẹ̀ bàbá mi kì í ra bisikíìtì fún ọmọ tí wọ́n bá nà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ohun kan wà ńbẹ̀. Èmi tí mò ń bi gbogbo ayé ní ta ló sọ ọ́, mi ò padà béèrè mọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbèjà mi pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀ nígbà tí mo mú bíróò pupa. Mo kọ ọ́ sórí ìwé ọmọ náà pé, "Ìtàn àròsọ ni èyí. Kò sí ẹ̀rí." Mo fún un ní òdo. Mo wò ó, mo rí i pé òdo á pariwo jù, mo sọ ọ́ di méjì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo pín ìwé wọn fún wọn. Jẹ́jẹ́ wo tirẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò. Kò béèrè nǹkan kan. Ó wù mí kó béèrè kí n lè jágbe mọ́ ọn. Kí ilé ìwé tó parí lọ́jọ́ náà, mo ti fi orúkọ ẹni tó gbégbá orókè sórí tábìlì ọ̀gá àgbà. Ọmọ tí bàbá ńlá rẹ̀ di ẹyẹ ni.

Mo ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé kò dùn ni, mo ní ó dùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ mi, ó di ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin. Màmá Kékeré la máa ń pè wọ́n, títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Àwọn nìkan ló kù nínú àwọn tó mọ bàbá bàbá mi lójúkojú, nítorí àwọn ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Mo bá wọn níwájú rédíò, wọ́n ń ká aṣọ.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo sì béèrè ohun tó gbé mi wá.

Wọ́n yí rédíò sílẹ̀. "Ta ló ní kí o wá béèrè àtàǹpàkò?"

"Ọmọ kíláàsì mi kan ni, Màmá."

"Ọmọ ta ni?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Hùn-ún. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ ọmọ yìí."

"Màmá, ọwọ́ ọ̀tún ni mo ti fi ń júwe ẹ̀ láti ọdún méjìlélógún. Ṣé òótọ́ ni mò ń sọ fáwọn ọmọ yẹn? Ṣé ó ṣí géètì?"

Wọ́n ká aṣọ kan tán, wọ́n tún tú u. "Géètì wo? Àwọn ọlọ́pàá ló wá já géètì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti fa òun jáde."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín burúkú ni, n kò mọ ibi tó ti wá. Màmá Kékeré kò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ju mẹ́rìnlá lọ. Mẹ́rìnlá ló kù tí kò tíì rí tà. Àtàǹpàkò tí o ń béèrè, ẹrú obìnrin kan ló bù ú jẹ nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Èyí tó gba orí òrùlé lọ ńkọ́?"

Wọ́n gbójú sókè. Wọn ò bi mí bí mo ṣe gbọ́. "Ìyẹn fi ọmọ kan sílẹ̀. Inú bàbá ńlá rẹ ru, ó ní ẹni tó bá lọ, ohun tó bá kù lẹ́yìn ẹ̀ á lọ. Ọjọ́ kẹta ló ta ọmọ náà."

"Fún ta, Màmá?"

"Ta ni mo fẹ́ bi? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni bàbá tèmi nígbà náà. Òun àti ọmọ yẹn ni wọ́n jọ ń ṣeré. Ó ní nígbà tí wọ́n ń mú ọmọ náà lọ, ẹ̀rín ló ń rín. Wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ni wọ́n ń mú un lọ." Wọ́n fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn nu imú. "Bàbá mi ò lè gbé èyí sùn. Òun ló wá dá ìtàn géètì sílẹ̀, kí ẹ̀yin lè rí nǹkan gbé sùn. O ti wá tú u báyìí. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wa ọkọ̀ délé, mo jókòó sínú rẹ̀ pẹ́ kí n tó lè wọlé.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá àgbà kí wọ́n tó dé. Wọn ò tíì fi orúkọ náà ránṣẹ́. Mo ní mo fẹ́ yí máàkì kan padà. Wọ́n ní kí ló dé. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀: fọ́tò, òrùlé, bíróò pupa. Ọ̀gá àgbà ní ìwé púpọ̀ níwájú, wọ́n sì ń wá gíláàsì ojú wọn tó wà lórí wọn.

"Àbí àṣìṣe ìṣirò ni, tíṣà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kan. Mo kọ ọ́. Jẹ́jẹ́ gba mọ́kàndínlógún, ipò kìíní sì di tirẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́yẹ náà kò tilẹ̀ bínú. Ó ní ó ti ń ya òun lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Mo rò pé ó tán nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá àgbà dìde níwájú gbogbo ilé ìwé, wọ́n ní ẹ wo ojúlówó olùkọ́, ẹni tó rí àṣìṣe ara rẹ̀ tí kò fi bò, tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ sọ. Nígbà tí a túká, Jẹ́jẹ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Sà, mo tún máàkì mi gbogbo ṣírò nílé," ló wí, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. "Ìṣirò yín kò ní àṣìṣe kankan."

Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, sà, ó sì wọlé lọ. Mo gba ilé ìyàgbẹ́ àwọn olùkọ́ lọ, mo bọ́jú, mo tún bọ́ ọ. Mo ṣì ní àǹfààní nígbà náà láti pè é padà. Mi ò pè é.

Lọ́jọ́rú, lákòókò ìsinmi, wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá àwọn olùkọ́. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, ìyá àgbà kan sì tẹ̀lé e. Mo mọ ìyá náà lójú. Aránṣọ ni wọ́n, àwọn ni wọ́n máa ń tún yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wa ṣe, mi ò kàn mọ̀ pé ọmọ-ọmọ wọn ni Jẹ́jẹ́. Okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn, òwú funfun lẹ̀ mọ́ apá aṣọ wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n pa tì tí wọ́n fi wá.

"Ta ni tíṣà ìtàn nínú yín?"

Mo dìde. Kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀, ìyá yẹn ti fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún, lórí sìmẹ́ǹtì, níwájú gbogbo àwọn olùkọ́.

"Ẹ ṣeun o, sà. Ẹ ṣeun, ẹ kú oore. Nínú ìdílé tiwa, ẹnì kankan ò ṣí ilẹ̀kùn fún wa rí. Gbogbo ibi tá a dé, àwa la gun ògiri débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Ọlọ́run ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yín."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń mi orí. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo sọ? Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, màá pa ojú dé. Mo ní, "Ẹ dìde, Màmá. Iṣẹ́ mi ni mo ṣe."

Jẹ́jẹ́ di apá ìyá àgbà rẹ̀ mú. "Ìyá àgbà, ẹ dìde."

"Ṣé o ò mọ oore ni? Fi mí sílẹ̀ kí n dúpẹ́."

"Ẹ dìde. Ẹ má kúnlẹ̀ fún wọn." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó gbé ohùn sókè nìyẹn. Ìyá náà wo ọmọ, wọ́n wò mí, wọ́n sì rọra dìde, wọ́n di etí tábìlì mú. Jẹ́jẹ́ kọjú sí mi. Omi ti lé sójú rẹ̀.

"Mi ò sọ fún wọn, sà. Látọjọ́ tí mo ti rí fọ́tò yẹn, mi ò sọ fẹ́nì kan. Mo rò pé ẹ máa sọ fúnra yín."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti ń bo àṣírí mi láti ọ̀sẹ̀ méjì, èmi sì fún un ní méjì nínú ogún. Bí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá bẹ́ sínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí ìyá náà ti kúnlẹ̀, àyà mi lẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì sọ ọ́.

"Màmá, ọkùnrin oníka mẹ́rin yẹn, bàbá ńlá mi ni. Mo mọ̀ nígbà tí mo ka ìwé ọmọ yín. Ohun tí mo fi fún un ní méjì nìyẹn. Kì í ṣe àṣìṣe ìṣirò. Ojú ló tì mí, mo sì fi ìtìjú mi fìyà jẹ ọmọ yín."

Wọn ò pariwo. Mo retí èpè, mi ò gbọ́ èpè. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mò ń rí, bàtà rọ́bà tí wọ́n fi òwú rán níbi tó ti já.

"Ọmọ tó kù ńlẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n tà á, Màmá. Lọ́jọ́ kẹta."

"Fún ta?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ó sunkún?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ni wọ́n ń mú òun lọ."

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga, tí wọ́n jókòó. Mo gbọ́ tí Jẹ́jẹ́ ń sunkún. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ jáde, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé.

"Ìyá ìyá mi béèrè ọmọ yẹn títí wọ́n fi kú," ni ìyá náà wí. "Ẹ̀gbọ́n wọn ni. Ìyá mi náà béèrè. Èmi náà ti darúgbó sídìí ẹ̀." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ dìde, tíṣà. Àforíjì tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀ yẹn, èmi kọ́ ni mo ni ín. Ẹ bá mi wá ọmọ yẹn."

"Màmá, ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á ti kú."

"Mo mọ̀ pé ó ti kú," ni wọ́n wí. "Ẹ bá mi wá a."